Ádímírà Tí Kò Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Rí

Òkú òyìnbó kan ló fi èmi àti Rìnsọ́lá mọra. Àǹtí Tóyọ̀sí, àbúrò bàbá mi, kò gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ó ní òun ni alárinà, pé òkú kì í wọ tíréènì láti East Flatbush lọ sí Wakefield nínú òtútù. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n òkú ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni, yìnyín ń bọ́, mo sì wà ní yàrá ìwé ìtàn ìdílé nínú láíbìrì ńlá tó wà ní Òpópónà Kejìlélógójì ní Manhattan. Kì í ṣe pé mo ní ẹni tí mò ń wá níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ìwé àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan ní Bronx, iṣẹ́ náà kò sì gba ìrònú, débi pé bí Sátidé bá ti dé, ara mi á máa yún mi bíi ti ẹni tí èèrà kó sí láṣọ. Ẹnìkan ló sọ fún mi pé nínú yàrá yẹn, àwọn èèyàn máa ń jókòó ti àdììtú tí wọn ò lè tú, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá wọn dá sí i. Mo ní, ibi tí mo máa kó lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ó wọ kóòtù pupa, ó ń bá kọ̀ǹpútà náà jà.

"Kò ní í dáa fún ẹ," ó sọ fún un.

Mo sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣe ẹ́?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ibí lo ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Mo gbọ́ Yorùbá ni."

"Yorùbá pọ̀ ní Bronx. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo máa ń dá lóhùn?"

Bó ṣe sọ̀rọ̀ ni mo mọ̀ pé ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, ṣùgbọ́n èsì ẹnu rẹ̀, ti Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an ni. Mo yọjú wo ohun tó ń wá: ìwé ẹ̀rí ìbí Thomas Thornbury, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1760.

"O ò lè rí i níbẹ̀," mo ní. "Kó tó di 1837, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ ìbí ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àlùfáà ìjọ àdúgbò ló ń kọ ọ́: ọjọ́ ìrìbọmi, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsìnkú. Ìjọ tó wà lo máa kọ́kọ́ mọ̀."

"Wákàtí mẹ́ta ni mo ti wà níbí!"

"Kò tíì burú. Bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Bàbá òyìnbó náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mi orí bí ẹni tó gbà. Rìnsọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga kejì, ó ní, "Jókòó, ọ̀gá. Tú u fún mi."

Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Wakefield. Bàbá rẹ̀, Josiah Thornbury, yóò pé àádọ́rin ọdún nínú oṣù Kẹwàá, ó sì fẹ́ fún un ní ìtàn ìdílé wọn nínú férémù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi wa bọ́ọ̀sì Bx39, kò sì sí èrò kankan tó wọkọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ pé Ádímírà ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni baba ńlá rẹ̀. Bí èrò bá bínú pé bọ́ọ̀sì pẹ́, bàbá á ní, "Ádímírà kì í sáré."

"Kí ni ẹ̀rí yín?" mo bi í.

Bíbélì àtijọ́ kan ni ẹ̀rí wọn. Ní iwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì pé: Fún Thomas Thornbury, láti ọ̀dọ̀ ìjọ Marlcombe, ní Devon. Ìyá àgbà kan nínú ìdílé náà sì ti sọ nígbà kan rí pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé Thomas wá. Nígbà tí ẹni mẹ́ta fi máa tún ìtàn náà sọ, ẹni tí ọkọ̀ gbé wá ti di ẹni tó ni ọkọ̀.

Mi ò sọ èyí fún un lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà fóònù kì í bú Ádímírà.

Gbogbo Sátidé la wá ń pàdé. Àwòrán ìwé ìjọ Marlcombe díẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, a sì ń kà wọ́n lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìkọ̀wé àwọn àlùfáà wọ̀nyẹn burú ju ti dókítà lọ, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé dókítà ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń kà á jáde, Rìnsọ́lá á máa kọ ọ́ sílẹ̀, èjìká rẹ̀ á sì máa kan tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí Thomas yìí má tètè yọjú.

Lọ́jọ́ kan, a dé orí ìwé ìkéde ìgbéyàwó. Orúkọ àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ni àlùfáà ń kọ síbẹ̀, á sì kà á sétí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa títí dòní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan ní ọdún 1788, àlùfáà Marlcombe kọ ọ́ pé: "Ó dúró ní ìkéde kejì. Ìyá ọmọbìnrin náà dìde."

"Ìyá ọmọbìnrin náà dìde!" Rìnsọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí lo rò pé ó sọ?"

"Ó ní ọmọkùnrin náà kì í jókòó síbì kan."

"Àá, ó mọ̀ ẹ́ nígbà yẹn?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a wọ tíréènì nọ́ńbà 2 dé ìparí rẹ̀ ní Òpópónà 241. Gun Hill ni ilé mi wà, mo ti kọjá á níbùdókọ̀ márùn-ún, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun. Bí a ṣe dé orí àtẹ̀gùn, mo dúró, mo gbé ohùn sókè bí àlùfáà:

"Mo ń kéde ìgbéyàwó láàárín Olúwakúnmi Mákánjúọlá ti Gun Hill àti Rìnsọ́lá Thornbury ti Wakefield. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kí ó sọ ọ́. Ìkéde kìíní nìyí."

Obìnrin ará Jàmáíkà kan tó gbé ẹrù dání lẹ́yìn wa ní òun mọ ìdí kan: a dí àtẹ̀gùn.

Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín títí a fi délẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ka ìkéde kejì níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí mo la ẹnu fún ẹ̀kẹta ní Sátidé tó tún tẹ̀ lé e, ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dí mi lẹ́nu.

"Má kà á," ó ní. "Lọ bá bàbá mi ná."

Níbẹ̀ ni Àǹtí Tóyọ̀sí ti wọ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní East Flatbush, kò sì sí arúgbó kankan tí kò lè rọ̀ láti jẹun, láti wẹ̀, tàbí láti gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, kí ló fẹ́ ṣe fún òun? Ó wé gèlè, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso, ó kọjá odò méjì lọ sí Wakefield. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn fi ṣe ìwádìí.

Ta ni kò mọ ìwádìí? Kò sí bí èèyàn ṣe jìnnà sílé tó, wọ́n á ṣe é. Wọ́n á wò ó bóyá wèrè wà nínú ìdílé, bóyá olè wà níbẹ̀. Bàbá Thornbury ní ìbátan kan ní Abẹ́òkúta, fóònù sì wà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, èmi àti Àǹtí lọ gbọ́ èsì. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dìde.

"Mo ti ṣe ìwádìí," Bàbá Thornbury ní. Ó wọ kóòtù àti táì nínú ilé ara rẹ̀. "Kò sí wèrè nínú ìdílé yín."

"A dúpẹ́, sà," Àǹtí dáhùn.

"Kò sí olè."

"Ògo ni fún Ọlọ́run."

"Jákọ́bù Mákánjúọlá, bàbá yín, Mádáàmù. Iṣẹ́ wo ló ṣe láyé?"

Àǹtí wúkọ́. "Iṣẹ́ ìjọ ni, sà."

"Iṣẹ́ ìjọ wo? Ṣé àlùfáà ni?"

"Wọ́n jọ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, sà. Tí àlùfáà bá ti parí tiẹ̀, bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀."

"Ó ń gbẹ́ sàréè!"

"Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, sà," Àǹtí ní. "Òkú kì í gbẹ́ tara rẹ̀."

Láti orí kápẹ́ẹ̀tì, mo rí bàtà Bàbá Thornbury tó ń lọ tó ń bọ̀. "Mi ò ní nǹkan lòdì sí ọmọ yìí. Ó ka ìwé, ó níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé Ádímírà nìyí. Ẹ fẹ́ kí n so orúkọ Thornbury mọ́ ti agbẹ́sàréè? Kí ni mo fẹ́ sọ fún baba ńlá mi ní ọ̀run?"

Mo gbójú sókè díẹ̀, mo rí Àǹtí tó ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀. Èyí dùn mí ju pé wọ́n lé mi lọ.

Ìyá Rìnsọ́lá ló gbà wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ aṣọ. "Bàbá Rìnsọ́lá, láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, mò ń gbọ́ Ádímírà, Ádímírà. Ṣé ẹ ti rí i nínú ìwé kankan rí?"

"Gbogbo Èkó ló mọ̀!"

"Èkó mọ ohun púpọ̀. Ọmọ yìí mọ ìwé àtijọ́ wò. Ẹ jẹ́ kó lọ bá yín wá Ádímírà yín wá. Iṣẹ́ àna nìyẹn. Àwọn míì máa ń ro oko."

Bàbá Thornbury ronú sí i. Mo rí i pé ó wù ú. "Ó dáa," ó ní. "Mú Ádímírà mi wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé àkójọ ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára rẹ̀, kí n tó pé àádọ́rin. Bí o bá mú un wá, mo fún ẹ lọ́mọ. Bí o kò bá mú un wá, má padà wá. Dìde, o ti ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kọ íméèlì sí Susan nìyẹn. Susan ni olùtọ́jú ìwé ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tó ń pa ìwé ìjọ Marlcombe mọ́. Mo kọ́kọ́ kọ ojú ewé mẹ́rin sí i; ó fi ìlà méjì dá mi lóhùn. Ìwé ìsìnkú Marlcombe fún ọdún 1820 sí 1829 ti rin gbingbin nígbà kan tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì jò, ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Kò ṣeé ṣí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò sùn dáadáa. Ọjọ́ kẹrin, níbi iṣẹ́, bí mo ṣe ń to ẹ̀dà ìwé aláìsàn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìńṣọ́ránsì, orí mi là. Ẹ̀dà! Lọ́dọọdún ni àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ da ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ kọ, kó sì fi í ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù. Omi tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ ilé bíṣọ́ọ̀bù. Mo kọ̀wé sí Susan. Èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì: "Mò ń dúró de ìgbà tí o máa béèrè." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Kí Susan tó rí i, èmi náà ń wá kiri, mo sì rí Thornbury míì: Robert, Ádímírà lóòótọ́, pẹ̀lú idà lọ́wọ́ àti wíìgì òyìnbó lórí. Ìjọ kejì sí Marlcombe ló ti ṣèrìbọmi, kò sì bá Thomas wa tan rárá.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kẹsàn-án, àwòrán dé láti ọ̀dọ̀ Susan. Ọ́fíìsì ni mo wà nígbà tí mo ṣí i. Ìwé ìsìnkú, oṣù Kìíní, ọdún 1823. Thomas Thornbury, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Agbẹ́sàréè ìjọ yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé Kafilat, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lọ bu omi wá fún mi. Mo mu omi náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ádímírà ni wọ́n ní kí n mú wá.

Mo gbé e lọ fún Àǹtí Tóyọ̀sí ní East Flatbush. Ó kà á, ó jó yí ilé ìdáná ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Kò gbọdọ̀ rí i," ó ní.

"Àǹtí!"

"Ṣé ìyàwó lo ń wá tàbí òtítọ́? Ìwọ ni o ní Ádímírà kan wà ní ìjọ kejì. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn! Thornbury ni, Devon ni. Ta ló fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Kí n má purọ́, mo rò ó. Òru ọjọ́ yẹn, mo fa ìlà ìdílé láti ọ̀dọ̀ Robert dé ọ̀dọ̀ Thomas lórí ìwé, ìlà kan péré ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni apá kejì ọkàn mi sì fẹ́ ohun mìíràn tó burú ju irọ́ lọ: mo fẹ́ rí ojú bàbá náà nígbà tí mo bá ju ìwé náà sí i níwájú. Mo rántí ojú Àǹtí mi lábẹ́ gèlè. Mo ní, jẹ́ kí òun náà tọ́ díẹ̀ nínú ìtìjú náà wò.

Mo sọ méjèèjì fún Rìnsọ́lá lórí bẹ́ǹṣì nínú pápá ìṣeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ó ka ìwé Susan délẹ̀.

"Tó o bá purọ́ fún bàbá mi, mi ò ní fẹ́ ẹ," ó ní. "Tó o bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò ní fẹ́ ẹ."

"Tí mo bá sọ òtítọ́, bàbá ẹ ò ní jẹ́ kó o fẹ́ mi. Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kà á fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Má fo ìlà kankan. Má rẹ́rìn-ín."

"Tó bá lé mi ńkọ́?"

Ó gbá orúnkún mi pẹ́pẹ́. "Nígbà náà, mo máa sunkún. Ṣùgbọ́n mo máa mọ ẹni tí mò ń sunkún tìtorí ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí náà, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ wọn. Bàbá Thornbury ti ra férémù. Ó ti fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá kan sí òkè rẹ̀, ó wá fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé tí mo gbé dání. Mo fi òǹtẹ̀ ilé àkójọ ìwé náà hàn án, ó mi orí, ó ní kí n máa kà.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí iṣẹ́ rẹ̀, Àǹtí Tóyọ̀sí ń wo àjà ilé.

"Tún iṣẹ́ rẹ̀ kà," bàbá ní.

"Agbẹ́sàréè ìjọ yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì, sà."

"Thornbury?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí?"

"Kò jọ pé ó kúrò ní Marlcombe rí, sà. Ó kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á tán."

Mo ka ohun tí àlùfáà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀: "Ní òwúrọ̀ tí ó kú, a kò mọ ẹni tí yóò gbẹ́ tirẹ̀, nítorí òun ni ó gbẹ́ ti gbogbo wa. Ilẹ̀ ti dì nínú òtútù. Àwọn ará ìjọ jáde, tọkùnrin tobìnrin, olúkúlùkù sì gbẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó fi ṣọ́bìrì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Lẹ́yìn èyí ni mo mú ojú ewé kejì, tí Susan rí nínú ìwé ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, ọdún kan náà: "Thomas Thornbury kò bímọ. Kí orúkọ rẹ̀ má bàa parẹ́ kúrò láyé, a bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọdékùnrin ilẹ̀ Áfíríkà tí ìjọ wa ń rán aṣọ àti ìwé sí ní ilé-ìwé Freetown máa jẹ́ Thomas Thornbury. A fi Bíbélì ránṣẹ́ sí i."

Ìyá Rìnsọ́lá bojú wo Bíbélì àtijọ́ tó wà lórí tábìlì. Gbogbo wa wò ó.

"Ọmọdékùnrin wo?" bàbá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Baba ńlá yín, sà. Wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ìyá àgbà kò purọ́, ọkọ̀ ló gbé e wá lóòótọ́."

"Kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é, kí wọ́n tó pè é ní Thomas?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, sà. Mo wá a."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, a sì gbọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé," ìyá Rìnsọ́lá sọ fún wa jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò bínú. Tó bá bínú ni, ẹ̀ bá ti gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọjọ́ ìbí kọjá, wọn kò pè mí. Mo to ìwé aláìsàn, mo ṣì wọ́n tò, Kafilat sì ń tún un tò lẹ́yìn mi. Ìròyìn tí Rìnsọ́lá ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ni mo fi ń gbé: Ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka ìwé ẹ nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kejì: Ó ti yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nínú férémù. Lọ́jọ́ karùn-ún: Ó pe Susan ní England. Wákàtí kan gbáko. Ó ń sọ ìtàn bọ́ọ̀sì fún un.

Lẹ́yìn náà ló pe Àǹtí Tóyọ̀sí. Àǹtí ló sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀. Bàbá Thornbury kí i, ó wá bi í pé: "Nígbà tí bàbá yín kú, ta ló gbẹ́ tirẹ̀?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," Àǹtí ní. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Bàbá ti kọ́ wa."

"Ó gún?"

"Ó gún régé, sà. Wọn ò lè gbẹ́ irú ẹ̀ fún yín ní Bronx."

Bàbá Thornbury ní kò sí wàhálà, òun ò tíì nílò rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ló ní, "Mádáàmù, ẹ forí jì mí." Ibẹ̀ ni Àǹtí dúró nínú ìtàn náà, ó ní òróró ń ta sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń dín.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ kan dé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀: "Ọ̀la, ṣọ́ọ̀ṣì wa, aago mẹ́wàá. Wọ táì. J. Thornbury."

Mi ò mọ̀ bóyá láti gbà mí ni tàbí láti lé mi níwájú Ọlọ́run. Mo wọ táì. Èmi àti Àǹtí jókòó sẹ́yìn. Rìnsọ́lá wà níwájú pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó gbé èjìká sókè pé òun náà ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn orin kejì, àlùfáà mú ìwé kan, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Mo ń kéde ìgbéyàwó láàárín Olúwakúnmi Mákánjúọlá ti Gun Hill àti Rìnsọ́lá Thornbury ti ìjọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sọ ọ́."

Bàbá Thornbury dìde.

Mo gbọ́ tí Àǹtí pe Jésù. Gbogbo ìjọ yí ojú sí i. Mo rántí ìyá ọmọbìnrin ọdún 1788 yẹn.

"Mo ní àtakò," ó ní.

Àlùfáà sọ ìwé náà kalẹ̀. "Josiah, ìwọ fúnra rẹ lo gbé orúkọ wọn wá fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kà á yẹn kò pé. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹ fò ó."

Àlùfáà yí ìwé náà padà. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó tún kà á, ó kà á díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

"Láàárín Olúwakúnmi, ọmọ-ọmọ Jákọ́bù Mákánjúọlá, agbẹ́sàréè, Abẹ́òkúta, àti Rìnsọ́lá, ọmọ Josiah Thornbury, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, láti ìdílé Thomas Thornbury, agbẹ́sàréè, Marlcombe, ẹni tí kò bímọ, tí a sì jẹ́ ọmọ fún."

"Ó pé," Bàbá Thornbury ní, ó sì jókòó.

Àǹtí Tóyọ̀sí ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀, kò sì wá òróró kankan dá lẹ́bi. Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lórí símẹ́ǹtì, pẹ̀lú táì mi.

"Dìde," ó ní. "Ìkéde méjì ló kù, ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé o lè ní sùúrù?"

Kí n tó dáhùn, Rìnsọ́lá ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń gbọn ìdọ̀tí kúrò ní èjìká mi.

"Dádì, ẹ̀kẹta nìyẹn," ó ní. "Ó ti ka méjì fún mi lórí àtẹ̀gùn tíréènì."

Bàbá rẹ̀ wò wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹnikẹ́ni ò ta kò ó?"

"Obìnrin kan, sà," mo ní. "Ó ní a dí ọ̀nà."

"Ẹ kúrò lọ́nà nígbà náà," Bàbá Thornbury ní, "ìjọ fẹ́ jáde."